Irin Ìtúlẹ̀ Elójú Pẹlẹbẹ

Nínú gbogbo iṣẹ́ ribiribi tí ọmọ aráyé ti ṣe láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kò sí èyí tó wú mi lórí tó kí èèyàn gbé ọ̀dà, kí ó fi kọ orúkọ ara rẹ̀ sára ohun tó fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ. Ẹni tó kọ́kọ́ dáná láyé, a ò mọ orúkọ rẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ gbin iṣu, a ò mọ̀ ọ́n. Kò sí ohun tó fà á ju pé wọn kò ní ọ̀dà. Àwa ará Ìlọrin ti tún èyí ṣe. Ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa, orúkọ wà lára bùtá tí a fi ń ṣe àlùwàlá, orúkọ wà létí ẹní, orúkọ wà lára pósí tí a fi ń gbé òkú, kí òkú lè mọ ẹni tó gbé òun dé ibojì. Alhaji kan fún wa ní fáànù, ó sì ní kí wọ́n kọ orúkọ òun sára abẹ́ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí fáànù bá ń yí, kò sẹ́ni tó lè kà á. Ìgbà tí iná bá lọ, tí òógùn bò wá, ni a máa ń gbójú sókè, tí a ń ka orúkọ ẹni tó fún wa ní atẹ́gùn. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì láti Ọ̀mù-Àrán ní kí n má yangàn, pé nínú ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn ní àdúgbò Fate, àga tí kò bá ní orúkọ lẹ́yìn, ṣe ni wọ́n ń wò ó bí ọmọ àlè. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi àṣà yìí ṣe ẹ̀fẹ̀ nínú àwọn ohun tí mo ń kọ, àwọn tó ń kà á sì ń rẹ́rìn-ín. Lónìí, irin ìtúlẹ̀ kan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, mi ò sì ṣèlérí ẹ̀rín.

Bàbá mi ń ro akúrọ̀ kan létí odò, lẹ́yìn ìlú. Akúrọ̀ ni àwa ń pè é. Àwọn ará ọ́fíìsì máa ń pè é ní fàdámà nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gba owó ìjọba lé e lórí. Ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú, ó sì lẹ̀ bí àtè. Bí èèyàn bá fẹsẹ̀ wọ̀ ọ́ lẹ́yìn òjò, bàtà rẹ̀ á kọ́kọ́ wúwo, lẹ́yìn náà bàtà á dúró síbẹ̀, ẹsẹ̀ nìkan á jáde. Ṣùgbọ́n ìrẹsì kì í kọ̀ láti hù níbẹ̀. Lọ́dọọdún, bí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀, Bàbá á bu ìwọ̀nba ilẹ̀ náà sí ahọ́n, á tọ́ ọ wò bí ìyàwó ilé ṣe ń tọ́ ọbẹ̀ wò, á tu ú dànù, á wá ní, “Ilẹ̀ yìí ò parọ́ fún mi rí.” Ó ti ń sọ ọ́ kí wọ́n tó bí mi.

Ilẹ̀ ẹbí ni akúrọ̀ náà. Àdéhùn tí àwọn baba ńlá wa fi sílẹ̀ ni pé ẹni tó bá lè ro ó tán ni kó máa lò ó. Ọdún tí kò bá ti lè ro ó tán, kí ó dá a padà fún ẹbí. Ọkọ́ ni Bàbá fi ń ro ó láti ìgbà èwe rẹ̀. Nígbà tí mò ń sọ yìí, ẹ̀yìn ti ń dùn ún, àwọn alágbàṣe ti fi oko sílẹ̀, wọ́n ti ń gun ọ̀kadà nígboro, àwọn kan nínú ẹbí sì ti ń wo akúrọ̀ náà bí ológbò ṣe ń wo ẹja tó ń gbẹ lórí iná. Ọdún kan ṣoṣo tí kò bá ro ó tán, ó parí. Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń sọ ọ́ jáde.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní yunifásítì nígbà náà. Ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mo kọ́, mo sì gbà pé ilẹ̀ Áfíríkà ti ń retí mi tipẹ́. Mo wọ táì lọ sí akúrọ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹ má bi mí ní ìdí rẹ̀. Nígbà tí mo ríṣẹ́, tí owó oṣù mélòó kan wọlé, mo sọ fún Bàbá pé lọ́dún yìí kò ní fọwọ́ kan ọkọ́, pé katakata ni yóò tú akúrọ̀ rẹ̀. Katakata rọrùn láti háyà. Irin ìtúlẹ̀ tó máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀, tó sì bá ilẹ̀ wa mu, ni kò sí, èmi ni n ó sì rà á.

Bàbá gbójú sókè wò mí. Ó ní, “Katakata? Lórí akúrọ̀ tèmi?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan kan nínú àpò dàńṣíkí rẹ̀, nǹkan tí èmi àti òun mọ̀ pé kò sí níbẹ̀.

Wọ́n júwe bàbá wẹ́dà kan tó ń jó irin fún mi ní àdúgbò Ṣàngó, ẹni tó ń ra irin ìtúlẹ̀ tòkunbọ̀, tó ń tún un ṣe. Bàbá arúgbó ni, ojú rẹ̀ ti pọ́n nítorí iná wẹ́dà, ìka rẹ̀ kan ò sì sí níbẹ̀ mọ́. Mo kí i, mo ní irin ìtúlẹ̀ ni mo wá rà.

Ó ní, “Ilẹ̀ rẹ dà?”

Mo rò pé ìwé ilẹ̀ ló ń béèrè. Mo ní ilẹ̀ ẹbí ni, a ò ní ìwé. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

“Ta ló bi ọ́ ní ìwé? Ilẹ̀ ni mo ní kó o mú wá. Bu ú sínú ọ̀rá, kó o gbé e wá síbí. Ẹni tó ń wá ìyàwó fún ọmọ rẹ̀, ṣé kì í jẹ́ kí àwọn méjèèjì rí ara wọn ni?”

Mo bínú díẹ̀, ṣùgbọ́n mo lọ bu ilẹ̀ akúrọ̀ wá ní ọjọ́ kejì. Ó po omi mọ́ ọn, ó pò ó bí ẹni ń po ẹ̀kọ. Irin méjì ló wà nílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọ̀kan ní ojú pẹlẹbẹ mẹ́ta, ojú kọ̀ọ̀kan fẹ̀, ó sì tẹ̀ bí etí erin. Òun ló ń gbé ilẹ̀, tó ń yí i dà. Wọ́n ti kun ún ní ọ̀dà pupa fòò. Ìkejì náà ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, ṣùgbọ́n kò ní ojú rárá. Bàbá wẹ́dà ti gé ojú rẹ̀ sí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin mẹ́rin, àlàfo wà láàárín wọn, ó dà bí egungun ìhà màlúù tí ọ̀dá pa. Lẹ́yìn, ó dípẹtà. Níwájú, níbi tí ilẹ̀ ti fi ara nù ún, ó ń dán bí dígí.

Ó mú ẹ̀kún ọwọ́ amọ̀ kan, ó là á mọ́ elójú pẹlẹbẹ náà, pàà! Ó lẹ̀ mọ́ ọn. Ó gbọn irin náà, amọ̀ ò mira. Ọ̀bẹ ló fi hó o kúrò. Ó la òmíràn mọ́ elégungun, ó fi ẹsẹ̀ ta irin náà jẹ́jẹ́, amọ̀ gba inú àlàfo já bọ́.

“Wò ó, ọmọ mi,” ló wí, “amọ̀ dà bí àlejò tí kò nítìjú. Ibi tó bá fẹ̀ ló ń jókòó sí. Tó o bá fún un ní àga, ó di onílé nìyẹn. Ìdí nìyí tí mo fi gé àga rẹ̀ sí wẹ́wẹ́.”

Mo ní elójú pẹlẹbẹ ni mo fẹ́.

Ó wò mí. “Ta ló ní kó o fẹ́ ẹ?”

“Ìwé tí mo kà ni, Bàbá. Elégungun yìí kò lè yí ilẹ̀ dà dáadáa.”

“Ìwé.” Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò. “Ṣé ìwé náà ti tẹ akúrọ̀ yín rí?”

Mo fi èdè òyìnbó díẹ̀ ṣe àlàyé fún un. Ó fetí sílẹ̀ tìtẹríba-tìtẹríba, bí àgbà ṣe máa ń fetí sí ẹni tó ń ṣòfò ẹnu rẹ̀. Nígbà tí mo parí, ó ní kò burú, irin mi ni. Ṣùgbọ́n kí n tó gbé e wọlẹ̀, kí n wá yanrìn odò, kí n fi ha ọ̀dà náà kúrò lójú rẹ̀ pátápátá, títí n ó fi rí ojú ara mi nínú rẹ̀. “Ojú irin ìtúlẹ̀, ilẹ̀ ló ń kun ún. Irin tó kun ọ̀dà lọ sí inú amọ̀, àtè ló fi pa ara.”

Mo dúpẹ́, mo gbé irin mi, mi ò sì ha nǹkan kan. Ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń kọ pátákó àwọn ọlọ́jà ni mo gbé e lọ, nítòsí Ọjà-Ọba, mo ní kí ó fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ sí i. Ó wo irin náà yípo. Férémù rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ jù, ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ kìkì nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi so ó pọ̀. Ó ní, “Ọ̀gá, ojú lọ̀rọ̀ wà,” ó sì na orúkọ náà láti ojú àkọ́kọ́ dé ojú kẹta, lẹ́tà ńlá ńlá, ó fi ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sí i nísàlẹ̀. Ó dára lójú, mi ò ní purọ́.

Bàbá mi kàwé o, kí ẹ má ṣì mí gbọ́. Kéwú ló kà. Ó lè ka Kùránì lọ ní ìpín púpọ̀ láìwo ojú ìwé, àwọn àfáà kékeré sì máa ń wá bi í ní ìbéèrè. Ṣùgbọ́n á-bí-dí kò yé e. Nígbà tí a gbé irin náà dé akúrọ̀ lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́, ó sún mọ́ ọn, ó nawọ́ sí lẹ́tà náà, ó ń fi ìka tọ̀ ọ́ láti ọ̀tún bọ̀ sí òsì, bí ẹni ń ka kéwú.

“Kí ni wọ́n kọ síbí?”

“Orúkọ yín ni, Bàbá.”

“Tèmi?”

“Tiyín ni.”

“Alihamdulilai.” Ó tún un tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. “Orúkọ mi gùn tó báyìí lójú àwọn òyìnbó?”

Awakọ̀ katakata náà jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí obì kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó so irin mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, ó rìn bí ogún ìṣísẹ̀. Ilẹ̀ ń yí dà bọ̀ọ̀lọ̀bọ̀ọ̀lọ̀, Bàbá ń tẹ̀ lé e, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Lẹ́yìn náà ni ohùn ẹ́ńjìnnì yí padà. Amọ̀ ti jókòó sójú irin, amọ̀ mìíràn jókòó lé èyí lórí, títí ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi di òkìtì kan. Irin náà kò túlẹ̀ mọ́. Ṣe ló ń wọ́ lórí ilẹ̀ bí ìdí àgbà tí kò lè dìde. Awakọ̀ bọ́ sílẹ̀.

“Ẹnjiníà,” ó kọjú sí mi, “ṣé wọn ò sọ fún yín ní yunifásítì pé amọ̀ máa ń lẹ̀ ni?”

Mo ní kí ó máa wakọ̀ rẹ̀.

“Màá wà á. Ṣùgbọ́n ọ̀dà yìí ló ń dì í mú. Ẹ jẹ́ ká fi òkúta ha á dànù, ó lè dín kù. Bàbá, ẹ wò ó, yanrìn pọ̀ létí odò níbẹ̀ yẹn.”

“Àgbẹdọ̀!” Bàbá ti dúró sí iwájú irin náà. “Ọmọ mi kọ orúkọ mi síbẹ̀, o ní kí n fi òkúta ha á? Lọ fi òkúta ha orúkọ bàbá tìẹ.”

“Ẹ má bínú, Bàbá. Orúkọ ò kúkú ń túlẹ̀.”

“Ìwọ ṣá máa wakọ̀. Èmi ni n ó máa hó o.”

Bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe. Ó wá igi pẹlẹbẹ kan, ó fi àkísà wé ẹnu rẹ̀ kí ó má baà ha lẹ́tà náà. Katakata á rin ogún ìṣísẹ̀, á dúró. Bàbá á kúnlẹ̀ sínú amọ̀, á máa hó o díẹ̀díẹ̀, á máa yí àwọn lẹ́tà náà po bí ẹni ń fọ ojú ọmọ tuntun. Katakata á tún rin ogún ìṣísẹ̀. Èmi dúró lórí ilẹ̀ gbígbẹ pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kẹta, mo ní iṣẹ́ ń dúró dè mí lọ́fíìsì, mo padà sígboro. Kò sí iṣẹ́ kankan tó ń dúró dè mí. Mi ò lè máa wò ó ni.

Nígbà tí mo padà dé lẹ́yìn Jímọ̀, omi odò ti ń yọ wọ etí akúrọ̀. Bàbá wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́yìn katakata, amọ̀ dé ìgbáròkó rẹ̀, ó ń hó. Kò tíì tú ju ìdajì lọ. Awakọ̀ ò ṣe ẹ̀fẹ̀ mọ́. Ṣe ló ń wo iwájú. Mo ní kí Bàbá dìde. Ó ní, “Ó kù díẹ̀.” Kò kù díẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, odò gba ìyókù.

Ẹbí ṣe ìpàdé nílé olórí ẹbí, lẹ́yìn Ọjà-Ọba. Olórí ẹbí yìí ni ẹ̀gbọ́n Bàbá, wọn kì í sì í jiyàn síra wọn. Ó bi Bàbá bóyá òótọ́ ni pé kò ro akúrọ̀ tán. Bàbá ní òótọ́ ni.

“Wọ́n ní irin tí ọmọ rẹ rà ló ń dì mọ́ amọ̀. Bó bá jẹ́ irin ni, a lè fún ọ ní ọdún kan sí i. Kí ó lọ wá òmíràn.”

Ẹ wo ilẹ̀kùn bí ó ṣe ṣí gbayawu. Kò ju kí Bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni, irin ni. Gbogbo wọn yíjú sí mi, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí kò lọ sí yunifásítì, tí wọ́n ti ń pa ẹ̀rín mọ́ ẹnu. Bàbá náà wò mí. Lẹ́yìn náà, ó wo ilẹ̀.

Ó ní, “Irin ọmọ mi ò ní àléébù. Ilẹ̀ yẹn ló ti bàjẹ́.”

“Ilẹ̀ wo? Akúrọ̀ yẹn?”

“Ó ti bàjẹ́. Kò dára mọ́.”

Ẹyin lọ̀rọ̀. Olórí ẹbí mí kanlẹ̀, ó ní bí ilẹ̀ bá ti bàjẹ́ fún ìrẹsì, kò sí ohun tí a tún ń fi í ṣe. Pé àwọn tó fẹ́ kọ́lé sí i ti ń wá òun láti ọjọ́ pípẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹnu kò láti tà á. Ẹnu mi wà lára mi. Eyín mi pé. Mi ò sọ nǹkan kan. Ilẹ̀ tí kò parọ́ fún un rí, òun ló parọ́ mọ́ ọn, lójú mi, nítorí mi.

Kò padà sí akúrọ̀ mọ́. Bí ọ̀nà bá gbé e gba apá ibẹ̀, á ní kí ọlọ́kadà gba ibòmíràn. Ó ń jókòó sí iwájú ilé, ó ń ka kéwú, ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Mi ò mọ̀ pé ọwọ́ àgbẹ̀ lè rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó kú nígbà ọyẹ́ ọdún tó tẹ̀ lé e. Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, àwọn tó wá kí i bá a nínú ayọ̀ kan tí kò yé wọn. Ó ń sọ fún olúkúlùkù pé nínú gbogbo ìdílé wọn, láti orí àwọn tó tẹ ìlú dó, òun nìkan ni wọ́n kọ orúkọ òun sára irin. Á ní kí n wá jẹ́rìí sí i. Mo ń jẹ́rìí sí i.

Ilé ti pọ̀ lórí akúrọ̀ náà báyìí. Ògiri wọn ń là, nítorí amọ̀ dúdú kì í fara balẹ̀ lábẹ́ ilé. Èmi wá di ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní yunifásítì. Lọ́dọọdún, mo máa ń ya àwòrán irin ìtúlẹ̀ méjì fún wọn, mo máa ń sọ fún wọn pé ní ilẹ̀ tó lẹ̀, elégungun ni kí wọ́n mú, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ọ̀dà wà lójú irin. Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí láìpẹ́ yìí bóyá ìmọ̀ tuntun ni. Mo ní rárá, ó wà nínú ìwé tí èmi náà kà nígbà tí mo wà ní ipò tiwọn.

Ó wà níbẹ̀. Kò sí ìwé tó ní kí n mú elójú pẹlẹbẹ. Mo ti mọ ohun tí bàbá wẹ́dà náà máa sọ kí ó tó la ẹnu. Ohun tí mo rí nígbà tí mo wo elégungun yẹn ni pé kò sí ibi tí èèyàn lè kọ nǹkan sí lára rẹ̀. Orúkọ tó wà lójú irin yẹn kì í ṣe ti Bàbá. Tèmi ni, pẹ̀lú oyè ìwé mi lẹ́yìn rẹ̀, ìdí tó fi gùn nìyẹn. Èmi náà kọ orúkọ mi.